Ewúrẹ́ Ìyá Àgbà

Títí di òní, bí mo bá jókòó láti kọ ìtàn ìrìnàjò fún àwọn ọmọdé, ewúrẹ́ ìyá àgbà ni mo kọ́kọ́ ń rántí.

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀gúsí lálẹ́ ọjọ́ kan, àwa ọmọ jókòó yí wọn ká lórí ẹní. Àlọ́ ọmọ òrukàn tó lọ pọnmi nínú igbó iwin ni wọ́n ń pa fún wa. A ń retí kí iwin yọ. Ìyá àgbà ò sọ bó ṣe ga tó, wọn ò ka eyín rẹ̀. Wọ́n ní ewúrẹ́ tó tẹ̀ lé ọmọ náà ń jẹ àpọ̀jẹ bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ dúró. Wọ́n bá dákẹ́. Wọ́n mú ẹ̀gúsí kan, wọ́n bó o. Ewúrẹ́ tiwa wà lẹ́bàá ògiri níbẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí ẹnu rẹ̀.

Lóru ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó lè dá lọ tọ̀. Ìyá àgbà ló gbé àtùpà tẹ̀ lé wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nílé ìwé, tíṣà wa ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa, èyí tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, gbé jáde ní 1938. Agbákò, ẹ̀dá abàmì inú rẹ̀, ní ojú 16. Nígbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé, mo fún iwin tèmi ní 20. Mo kà á fún ọmọ aládùúgbò mi kan, ó yán. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀: Àkàrà-Ògùn tó ń sọ ìtàn Fágúnwà ti bọ́ nínú ewu, ó ti padà wálé, ó ráyè ka ojú. Ọmọ inú ìwé tèmi ṣì wà lọ́nà.

Mo bá padà sídìí ewúrẹ́. Nínú ìwé kan, mo fún ọmọbìnrin kan ní àbúrò tó máa ń kùn bí oyin bó bá ń rìn. Ní orí kìíní, ó ń kùn. Ní orí kejì, ó kùn títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jágbe mọ́ ọn. Ní orí kẹrin, lórí afárá onígi, kò kùn mọ́. N kò sọ ohun tó wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n kíkùn yẹn gbọ́dọ̀ ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ara ṣì rọ gbogbo wọn. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ewu nìkan lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un wọlé, ọmọ á mọ̀ pé o fẹ́ tan òun.

Atẹ̀wé kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n ya iwin inú ìwé náà gàdàgbà sára èèpo ìwé, pé ìyẹn ló ń tà. Mo kọ̀. Ohun tí mo fi odidi orí mẹ́ta pa mọ́, ṣé ọ̀dà pupa ni yóò tú u síta kí ọmọ tó ṣí ìwé?  

Nígbà tí mo ka orí kẹrin yẹn fún ọmọ aládùúgbò mi, ó rọra ká ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ̀wé fún ọmọdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kà á sókè fún ọmọ kan kí ẹ tó gbé e fún atẹ̀wé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.