Ààbọ̀ Òṣùpá Tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Yà

Láàárín 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sínú ìwé pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, yàrà jíjìn ló yí i ká. Ìjẹ̀bú-Òde wa yìí náà ni. Àwọn Potogí ti kọ orúkọ wa sílẹ̀. Èmi náà wá ń kọ́ èdè wọn, láti inú capoeira, eré ìjà tí àwọn ọmọ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní Bràsíìlì. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń pe àwọn ìṣísẹ̀ rẹ̀. Ginga: máa mì sọ́tùn-ún sósì. Esquiva: yẹ̀ ẹ́. Aú, irú òkìtì kan ni. Meia-lua ló wù mí jù, ààbọ̀ òṣùpá: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yà á lófuurufú. Àbí ta ló tún ń sọ ìpá lórúkọ tó dùn báyìí? Rasteira, fífi ẹsẹ̀ gbá ni ṣubú, ni mo kọ́kọ́ mọ̀ dunjú, torí orí ilẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi.