Ìwé Wo Ni Ó Ń Dẹ́rù Bà Ọ́ Lọ́wọ́? Àyẹ̀wò Àwọn Òǹkàwé Ìtàn Adẹ́rùbani

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1798, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Jane Austen wà ní ilé àlejò kan ní ìlú Dartford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú bàbá àti ìyá rẹ̀. Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Cassandra. Láàárín ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àti ọ̀rọ̀ ẹrù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù, ó sọ ìwé tí bàbá wọn ń kà lọ́wọ́: The Midnight Bell, èyí tí ó yá láti ilé ìyáwèé. Ìtàn adẹ́rùbani ni ìwé náà. Francis Lathom ni ó kọ ọ́, ọdún 1798 yẹn gan-an ni ó sì jáde. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá tí ó ń kà á.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí ènìyàn fi máa ń fẹ́ sọ ìwé tí ó ń bà á lẹ́rù fún ẹlòmíràn? Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ wá ìdáhùn sí nìyí. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìtàn adẹ́rùbani: iwin inú rẹ̀, ilé àtijọ́ inú rẹ̀, òru àti ìjì inú rẹ̀. Ẹni tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí ni òǹkàwé tí ó gbé ìwé náà sílẹ̀, tí ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó ní, “Èyí ni mò ń kà lọ́wọ́, ìwọ ńkọ́?” Èrò tiwa ni pé ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé lásán. Ó jẹ́ ara iṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ìwé Austen tí a mọ̀ sí Northanger Abbey ni a ó fi ṣe òpó àlàyé wa, a ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ.

Ìwé Méje Isabella

Nǹkan bí ọdún 1798 sí 1799 ni Austen kọ ìwé náà. Ó tà á fún òǹtẹ̀wé kan ní 1803 ní £10, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀wé náà kò tẹ̀ ẹ́. Ìparí ọdún 1817 ni ó tó jáde, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù Keje ọdún kan náà. Catherine Morland, ọmọ ọdún 17, ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ní ìlú Bath ni ó ti pàdé ọ̀rẹ́ tuntun kan, Isabella Thorpe. Catherine ń ka The Mysteries of Udolpho, ìwé tí Ann Radcliffe tẹ̀ jáde ní 1794. Ó ti kà á dé ibi tí a ti fi aṣọ dúdú bo nǹkan kan, ó sì ń ronú ohun tí ó lè wà lẹ́yìn aṣọ náà. Isabella mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ìwé kékeré tí ó ń mú káàkiri ni ó ṣí, ó sì ka orúkọ ìwé méje tí wọn yóò tún kà lẹ́yìn èyí. Ohun kan ṣoṣo ni Catherine fẹ́ mọ̀: ṣé ó dá a lójú pé gbogbo wọn ni ó ń bani lẹ́rù?

Fún ọdún pípẹ́, ọ̀pọ̀ òǹkàwé rò pé ńṣe ni Austen hùmọ̀ orúkọ méjèèje láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ní ọdún 1927 ni Michael Sadleir kọ àpilẹ̀kọ tí ó fi hàn pé ìwé gidi ni gbogbo wọn. Láàárín 1793 sí 1798 ni wọ́n jáde. Eliza Parsons nìkan ni ó kọ méjì nínú wọn. Méjì mìíràn wá láti èdè Jámánì. The Midnight Bell wà nínú wọn pẹ̀lú. Ìwé tí àlùfáà kà ní ilé àlejò ni ọmọ rẹ̀ fi sí ẹnu Isabella.

Ó yẹ kí a dúró lórí èyí díẹ̀. Àwọn ìwé méje náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé. Ohun tí ó mú kí a tún máa wá wọn, kí a sì tún wọn tẹ̀, ni pé ọmọbìnrin kan nínú ìtàn àròsọ dárúkọ wọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Orúkọ tí a sọ ní ẹnu pẹ́ láyé ju ìwé tí a ní orúkọ náà lọ.

Irú Òǹkàwé Mẹ́rin

Austen kò fi gbogbo àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé adẹ́rùbani sí ojú kan náà. Èkíní ni Isabella fúnra rẹ̀. Bí a bá fi ara balẹ̀ kà á, a ó rí i pé kò tíì ka ìwé méjèèje. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Miss Andrews, ni ó kà wọ́n, òun ni ó sì júwe wọn fún un. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Isabella fẹ́ràn kí a mọ̀ ọ́n mọ ìwé. Ẹ̀rù kò bà á rárá.

Èkejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, John Thorpe. Ó fọ́nnu pé òun kì í ka ìtàn àròsọ, pé òun ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Nígbà tí Catherine dárúkọ Udolpho, ó ní bí òun bá tilẹ̀ fẹ́ kà, ti Radcliffe ni òun yóò kà. Kò mọ̀ pé Radcliffe ni ó kọ Udolpho! Ẹ̀kẹta ni Henry Tilney. Ó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, ó sì jẹ́wọ́ láìtijú pé ọjọ́ méjì ni òun fi ka ìwé náà tán, tí irun orí òun sì dìde ní gbogbo àsìkò náà. Ó ti ṣèlérí pé òun yóò kà á sókè fún àbúrò òun obìnrin. Nígbà tí wọ́n pe àbúrò náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, Henry kò lè dúró. Ó gbé ìwé náà lọ. Ẹ̀kẹrin ni Catherine, ẹni tí ó ń kà pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀.

Lójú tiwa, Henry ni òǹkọ̀wé fọwọ́ sí jù. Kì í ṣe nítorí pé ó gbọ́n ju ìwé náà lọ, bí kò ṣe nítorí pé ó gbà kí ìwé náà mú òun, ó sì lè sọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìfi ìtìjú tàbí ìfọ́nnu kún un.

Ẹ̀rù Inú Ìwé àti Ìkà Ojúkorojú

Àwọn kan ti sọ pé ńṣe ni Austen ń fi ìtàn adẹ́rùbani ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rí wà fún wọn. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí Catherine sùn ní ilé àwọn Tilney, ó rí ìwé tí a ká jọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù dúdú kan. Àbẹ́là rẹ̀ kú, kò lè sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àkọsílẹ̀ aṣọ tí a fọ̀ ni ó bá nínú ìwé náà. Yorùbá ní ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Ejò inú ìwé ni ó bu Catherine jẹ ní tirẹ̀. Ó tún lọ jìnnà ju èyí lọ: ó fura pé Ọ̀gágun Tilney, bàbá Henry, ni ó pa ìyàwó rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gágun gbọ́ pé Catherine kì í ṣe ọmọ olówó bí wọ́n ti sọ fún un, ó lé e jáde ní ilé rẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, láìfi ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e, láìbìkítà bóyá owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Apààyàn kọ́ ni Ọ̀gágun, ṣùgbọ́n ìkà ni. Catherine ṣi ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ̀. Kò ṣi ènìyàn náà mọ̀. Nítorí náà, a kò lè gbà pé asán ni ẹ̀rù tí ó kọ́ nínú ìwé. Ó là á lójú sí ohun tí ìwà ọmọlúàbí inú ilé náà ń bò mọ́lẹ̀.

Àwọn Èrò Ọ̀dọ̀ Àkàrà-Ògùn

Bí a bá padà sí Ògbójú Ọdẹ, ìwé tí ó jáde ní 1938, a ó rí i pé Fágúnwà fi ìbéèrè wa yìí sínú ìhun ìtàn rẹ̀. Àkàrà-Ògùn kò kọ ìtàn ara rẹ̀. Ó wá bá akọ̀wé, ó ní kí ó mú gègé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, akọ̀wé nìkan ni ó ń gbọ́. Nígbà tí yóò fi padà wá, àwọn èrò ti pé jọ, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Kí ni wọ́n wá gbọ́? Agbákò ni, àti àwọn ẹ̀dá abàmì tí kò sí ẹni tí yóò fẹ́ pàdé wọn. Ẹ̀rù náà ni ó kó wọn jọ.

Èdè wa ti mọ ìdí rẹ̀. A ní “àyà mi já” fún ohun òjijì. A ní “jìnnìjìnnì bò mí” fún ẹ̀rù tí kò tètè lọ. Bí a bá kan ohun tí kì í ṣe ti ayé yìí, “orí mi wú” ni a máa ń sọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí a ki oríkì ìran rẹ̀ dáadáa ṣe ń sọ pé orí òun wú. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń sọ ẹ̀rù, òun náà ni a fi ń sọ ìwúrí. Ẹni tí ó bá ń bèèrè bí ẹ̀rù ṣe lè dùn mọ́ òǹkàwé, kí ó kọ́kọ́ wo gbólóhùn yìí. Oríkì sì rèé, a kì í ki í láìsí ẹni tí ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ sí Àwa Olùkọ́ Èdè

Èmi náà ti ṣe bí John Thorpe rí. Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́, mo gba ìwé kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kà á lábẹ́ tábìlì. Àwòrán agbárí wà lára ìwé náà. N kò ṣí i wò. Mo sọ fún gbogbo kíláàsì pé ìwé yẹpẹrẹ ni. Láti ọjọ́ náà títí ó fi jáde, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn kò sọ ìwé kankan tí ó ń kà fún mi mọ́. N kò mọ orúkọ ìwé náà títí di òní.

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé Fágúnwà, ìbéèrè tí a máa ń yára bi wọ́n ni pé ẹ̀kọ́ wo ni ìtàn náà kọ́ wọn. Ìbéèrè náà dára, nítorí Fágúnwà fúnra rẹ̀ kì í fi ẹ̀kọ́ pamọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òmíràn ṣáájú rẹ̀: ibo ni ẹ̀rù ti bà ọ́? Ẹni tí ó bá dáhùn ní tòótọ́ yóò ní láti tọ́ka sí gbólóhùn, sí ìró ọ̀rọ̀, sí àwítúnwí. Iṣẹ́ lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ìwé àkọsílẹ̀ kan wà ní kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ìwé tí ó ń dẹ́rù bà á sínú rẹ̀ ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ fún un. Bí Austen kò bá kọ orúkọ méje sílẹ̀, kò sí ohun tí Sadleir ì bá wá. Ta ni ó ń kọ ti àwọn òǹkàwé tiwa sílẹ̀?

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé sísọ orúkọ ìwé adẹ́rùbani fún ẹlòmíràn jẹ́ apá kan nínú kíkà á: ó ń kó ènìyàn jọ, ó ń fi irú òǹkàwé tí a jẹ́ hàn, ó sì ń pa ìwé mọ́ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Kò ní dára kí n parí láìdáhùn ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé. The Icarus Girl ni mò ń kà lọ́wọ́, ìwé tí Helen Oyeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ̀ jáde ní 2005, tí ọ̀rọ̀ ìbejì wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ó dárúkọ rẹ̀ fún mi. Mo dé ibi kan nínú rẹ̀ lálẹ́ àná tí mo fi dìde lọ ti ilẹ̀kùn.