Ó Fọwọ́ Gbá a, Àbí Ó Bà Á Lọ́wọ́? Gírámà Yorùbá àti Ìdájọ́ Tó Le Lórí Pápá Bọ́ọ̀lù

Àbúrò mi ọkùnrin máa ń fọn fèrè nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní agbègbè Kétu. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ ní òfin bọ́ọ̀lù, Faransé náà ni wọ́n fi kọ ìwé pélébé tó ń gbé káàkiri. Lọ́dún tó kọjá, ó fún ẹgbẹ́ kan ní pẹnáritì nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló kù kí eré parí. Ó nàka sí ojú àmì, ó ní: "Main!" Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ariwo bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ṣùgbọ́n bàbá àgbàlagbà kan tó jókòó sábẹ́ igi dìde, ó wọ inú pápá, ó sì bi í lóhùn pẹ̀lẹ́ pé: "Ọmọ mi, ṣé ó fọwọ́ gbá a ni, àbí ó bà á lọ́wọ́?" Àbúrò mi ní: "Bàbá, main ni." Bàbá ní: "Mo gbọ́. Èwo ni nínú méjèèjì?" Kò rí èsì fọ̀. Eré ọjọ́ náà kò parí.

Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa ìdájọ́ tó fa ìjà kò ju méjì lọ: rẹfirí kò ríran, tàbí rẹfirí ti gba owó. Méjèèjì máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó le gan-an ni èyí tó ṣì le lẹ́yìn tí gbogbo wa ti rí i, tí a ti tún un wò lẹ́ẹ̀mẹwàá lórí fóònù. Níbẹ̀, ojú ti ṣe tirẹ̀ tán. Gbólóhùn tí a ó fi sọ ohun tí ojú rí ló kù. Àríwísí ni iṣẹ́ yìí. Mo ń ṣe é sí òfin tí wọ́n kọ, sí bí àwọn asọ̀rọ̀ eré lédè Faransé ṣe ń pè é, àti sí ohun tí èmi fúnra mi ti sọ nípa rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ní Kétu lè lò fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà:

(1) Ó fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù.
(2) Bọ́ọ̀lù bà á lọ́wọ́.
(3) Ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.

Nínú (1), ẹni náà ni olùwà, "fi" sì sọ ọwọ́ di ohun-èlò rẹ̀. Nínú (2), bọ́ọ̀lù ló di olùwà. Ẹni náà di àbọ̀, ọwọ́ sì di ibi tí bọ́ọ̀lù ti bà á. Ẹ̀kẹta ni mo máa ń fura sí. Ọwọ́ ni olùwà níbẹ̀, bí ẹni pé ó dá rìn wá sórí pápá láìsí ẹni tó ni ín. Ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ láìgba ẹ̀bi ló máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ní Stade de France, bọ́ọ̀lù kan Thierry Henry lọ́wọ́ kó tó fi ránṣẹ́ sí William Gallas, ẹni tó gbá a wọlé, Ireland kò sì lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Lẹ́yìn eré náà Henry gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí, ó sì fi kún un pé òun kọ́ ni rẹfirí. Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ẹ̀kẹta ni n óò lò.

Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ, ẹnu àwọn asọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n Faransé ni mo sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń jù sí wa: "Main!" Tàbí "Il y a main", ìyẹn ni pé ọwọ́ wà níbẹ̀. Kò sí olùṣe, kò sí ẹni tí a ṣe é sí. Kì í ṣe pé Faransé kò lè sọ ìyókù. Ó lè sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pọn ọ́n ní dandan. Yorùbá ní tirẹ̀ kì í fẹ́ jẹ́ kí o sọ ọ́ láìyan ẹnì kan tàbí ohun kan sípò olùwà, àfi tí o bá yá ọ̀rọ̀ Faransé lò bí àbúrò mi ti ṣe. Ohun tí bàbá yẹn ń bèèrè ni pé kí ó yan olùwà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìpàdé ẹ̀ka wa, mo sì fọ́nnu pé gírámà Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: (1) wà fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀, (2) wà fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀. Olùkọ́ kan kàn bi mí pé: "'Ó fẹsẹ̀ kọ' ńkọ́?" Mo jókòó. Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń gbèrò láti fẹsẹ̀ kọ, síbẹ̀ "fi" wà níbẹ̀ gbọingbọin. Ìdí nìyẹn tí a fi ní "mọ̀ọ́mọ̀" lọ́tọ̀. Bí "fi" bá ti sọ ọ́ tán, a kì bá tí nílò rẹ̀.

Kí ni "fi" ń sọ nígbà náà? Ẹ wo méjì mìíràn:

(4) Ó fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀gún.
(5) Ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀.

Ọmọ kan náà, ẹ̀gún kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ìyá tó bá gbọ́ (5) á ní "pẹ̀lẹ́". Ìyá tó bá gbọ́ (4) á kọ́kọ́ bèèrè bóyá ọmọ náà kò ríran ni, kó tó ní "pẹ̀lẹ́". Kò sẹ́ni tó rò pé ọmọ náà fẹ́ tẹ ẹ̀gún. Ohun tí (4) sọ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìtọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ní tèmi, ibi tí "fi" wà nìyẹn, láàárín èrò ọkàn àti àgbákò: pé ẹni náà ló ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà, yálà ó gbèrò rẹ̀ tàbí kò gbèrò rẹ̀.

Àárín yẹn gan-an ni àwọn tó ń kọ òfin bọ́ọ̀lù, IFAB, ti ń wá láti ọdún 2019. Tẹ́lẹ̀, ohun tí òfin ń bèèrè ni bóyá agbábọ́ọ̀lù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èrò ọkàn kò ṣeé rí, nítorí náà wọ́n lọ sórí ara: ṣé ọwọ́ náà mú kí ara fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ? Ní 2020 wọ́n tún là á sílẹ̀ pé ìsàlẹ̀ abíyá ni ààlà ọwọ́ àti èjìká, ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí pé níbi tí mo ti wá, "ọwọ́" lè jẹ́ ìka títí dé èjìká, "apá" sì wà pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tó ti fi okùn wọ̀n ọ́n rí. Ní 2021 wọ́n dá púpọ̀ padà fún rẹfirí: kí ó wò ó bóyá ìrìn ara agbábọ́ọ̀lù ní àkókò náà ló gbé ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún mẹ́ta, àtúnṣe mẹ́ta. Ẹ̀bi tí mo rí nínú wọn ni pé wọ́n ń wọn ara nígbà tó jẹ́ pé ìtọ́jú ara ni wọ́n ń bèèrè: ṣé ó yẹ kí ẹni yìí ti mójú tó ọwọ́ rẹ̀?

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ọwọ́ ló le, mo sì gbọ́dọ̀ ya àwọn kan sọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2010, ní Johannesburg, Luis Suárez fọwọ́ lé bọ́ọ̀lù Dominic Adiyiah padà lójú ìlà. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà; ní Kétu, ọmọ Gánà ni gbogbo wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Rẹfirí fún un ní káàdì pupa, ó fún Gánà ní pẹnáritì, Asamoah Gyan gbá a mọ́ irin òkè. Uruguay ló borí nígbẹ̀yìn. Inú bí wa, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò yàtọ̀: gbólóhùn (1) ni gbogbo ènìyàn sọ. Ìdájọ́ náà kò le. Àbájáde rẹ̀ ló le.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Polokwane, ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 2016. Rẹfirí ọmọ Gánà, Joseph Lamptey, fún Gúúsù Áfíríkà ní pẹnáritì nítorí ọwọ́ Kalidou Koulibaly. Ẹsẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà bà. Kò sí èyí tó bá a mu nínú gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta òkè yìí. Gúúsù Áfíríkà borí pẹ̀lú 2 sí 1. Ní 2017 FIFA lé Lamptey kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí ayé, wọ́n tún eré náà gbá, Senegal jẹ góòlù méjì sí òdo, ó sì gba ibẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà. Nítorí pé ọgbọ́n àyínìke ni wọ́n kà á sí ni wọ́n fi tún un gbá; àṣìṣe lásán kì í sáábà mú kí FIFA tún eré gbá.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọwọ́ kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù tiwọn, mímú ló ń fa ìjà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní ọdún 2015, ní Green Bay, Dez Bryant ti Dallas fò sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù mú, ó ń ṣubú lọ sí ojú ìlà, bọ́ọ̀lù kanlẹ̀, ó sì ta sókè. Rẹfirí kọ́kọ́ ní ó mú un; wọ́n wo fídíò, wọ́n ní kò mú un. Green Bay borí pẹ̀lú 26 sí 21. Òfin ìgbà náà ní ẹni tó bá ń ṣubú gbọ́dọ̀ di bọ́ọ̀lù mú títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀ tán. Ní 2018 wọ́n yọ èyí kúrò. Mo fi fídíò náà han àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní Kétu tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa òfin Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní: "Bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Wọ́n rò pé àwọn ń dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹni kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹni: gbólóhùn náà ti gbà kó tó bẹ̀rẹ̀ pé Bryant mú un. Wọ́n ti dájọ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn ń dájọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé fídíò yóò parí àríyànjiyàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ pàdé Senegal ní Cairo, VAR yọ góòlù méjì tí Sadio Mané jẹ wa, nítorí pé ó ti kọjá àwọn ẹlẹ́yìn wa kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ wíwọ̀n ni ìyẹn, ẹ̀rọ sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dùn mọ́ wa púpọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ṣì pàdánù. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Caruso, Burns àti Converse fi hàn nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 pé bí a bá mú kí fídíò máa falẹ̀ lọ, àwọn tó ń wò ó túbọ̀ ń rò pé ẹni inú rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ohun tó ṣe. Eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wà lára ohun tí wọ́n fi dán an wò. Ẹ̀rọ náà ń ti òǹwòran láti (2) sí (1) láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo kọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn ìwé pélébé àbúrò mi, mo ní kó máa yan ọ̀kan nínú ọkàn rẹ̀ kó tó fọn fèrè. Ó kà wọ́n, ó mú bíìrò, ó fagi lé ẹ̀kẹta, ó ní ìyẹn kò wúlò fún rẹfirí. Nígbà tó tún padà sórí pápá yẹn, bọ́ọ̀lù kan ta sí ọmọ kan nínú agbègbè góòlù. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kígbe pé: "Ó bà á lọ́wọ́, ẹ máa gbá a lọ!" Ẹgbẹ́ kejì fapá jánú. Bàbá kò dìde lábẹ́ igi.