Ọ̀rọ̀-ìṣe kan, ìtumọ̀ méjì: kí ni ọmọ rí gbà? Àyẹ̀wò àpilẹ̀kọ Ruth Chao (1994) lórí ìtọ́mọ

Ó ti lé ní ọdún 30 tí Ruth Chao ti kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí bí àwọn ìyá tó jẹ́ ará Ṣáínà ṣe ń tọ́ ọmọ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀ òun la ṣì máa ń nawọ́ sí nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ sọ pé òṣùwọ̀n àwọn Òyìnbó kò bá ilé wa mu. Èmi náà nawọ́ sí i nínú iṣẹ́ tí mo kọ fún oyè másítà. Nígbà tí mo tún un kà ni mo rí i pé ibi tí mo fara tì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ le.

Kí ẹni tí kò tíì kà á lè bá wa lọ: láti 1966 ni Diana Baumrind, ní Berkeley, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín òbí sí ìsọ̀rí mẹ́ta. Òbí àkọ́kọ́ ń pàṣẹ, kì í ṣàlàyé. Èkejì ń pàṣẹ, ó ń ṣàlàyé, ó sì ń gbọ́ tẹnu ọmọ. Ẹ̀kẹta ń fi ọmọ sílẹ̀ kó ṣe bó ṣe wù ú. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e ń sọ pé ọ̀dọ̀ òbí kejì ni ọkàn ọ̀dọ́langba ti ń gún régé jù. Ní 1987, Dornbusch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba èsì lọ́wọ́ ọ̀dọ́langba 7,836 ní agbègbè San Francisco. Àwọn tí ìdílé wọn ti Éṣíà wá ló da òṣùwọ̀n rú: òbí wọn jọ òbí àkọ́kọ́, àmọ́ wọ́n ń ṣe dáadáa ní ilé ìwé. Èsì onímọ̀ èdè ni Chao fọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhùwàsí ẹ̀dá ló ń kọ́ nípa rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe guan nínú èdè Ṣáínà túmọ̀ sí kí a kó ọmọ níjàánu, ó sì tún túmọ̀ sí kí a tọ́jú rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì, ọ̀kan ṣoṣo ni lẹ́nu ìyá tó ní guan.

Ẹni tó bá ń sọ Yorùbá kò ní jiyàn. Ìlọ́po méjì tilẹ̀ ni ìṣòro náà jẹ́ fún àwa tí a fi Faransé kàwé. Nínú Faransé, òbí àkọ́kọ́ ń jẹ́ « autoritaire ». Èkejì ń jẹ́ « démocratique » lọ́wọ́ àwọn kan, « autoritatif » lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Gbé « démocratique » wá sí Kétu: ìjọba àwa-ara-wa nínú ilé, bí ẹni pé ọmọ ló dìbò yan bàbá. Gbé « autoritaire » wá, àṣẹ lo máa bá nínú rẹ̀, àṣẹ kì í sì í ṣe èébú. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà fún ìyá mi. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ mi, wọ́n wá ní, “Ta ló ń tọ́ ọmọ nínú àwọn méjèèjì?”

Tọ́ tí wọ́n lò yẹn ni guan tiwa. Ẹni tó tọ́ ọmọ ló bọ́ ọ, ló kọ́ ọ, ló sì nà án nígbà tó rò pé ó yẹ. Bá wí náà ń bẹ, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí wí wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló yẹ kó jẹ́, àmọ́ bí òbí bá ní “mo bá a wí”, pàṣán lè wà níbẹ̀, ó sì lè má sí.

Ibi tí mo ti yà kúrò lẹ́yìn Chao rèé. Pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan ní ìtumọ̀ méjì kò fi hàn pé ọmọ rí méjèèjì gbà. A kì í gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé tọ́ inú “tọ́ ọmọ” àti tọ́ inú “igi yìí tọ́” jẹ́ ọ̀kan kìkì nítorí pé wọ́n dún bákan náà. A ó ní kó mú ẹ̀rí wá. Ẹ̀rí wo ni Chao mú wá? Ó bi ìyá 50 tó jẹ́ ará Ṣáínà tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà léèrè, àti ìyá 50 tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti Yúróòpù wá. Ọmọ wọn kò ju ọdún 2 sí 5 lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́langba ló bí àdììtú tó fẹ́ tú, kò sì sí ọ̀dọ́langba kan tó lanu nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó fi hàn, ó fi hàn dáadáa: àwọn ìyá Ṣáínà fara mọ́ èrò ìtọ́ni yìí ju àwọn yòókù lọ, kódà lẹ́yìn tó ti yọ ti àṣẹ àti ìkóníjàánu sọ́tọ̀. Èrò ìyá nìyẹn. Bí ọkàn ọmọ ṣe rí kò sí níbẹ̀.

Èyí kì í ṣe àríyànjiyàn inú ìwé lásán, torí “àṣà wa ni” ni ẹni tó ń na ọmọ kọjá ààlà máa ń sá sí. Ní 2005, Jennifer Lansford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí 336 ìyá, olúkúlùkù pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kan, ní Ṣáínà, Íńdíà, Ítálì, Kẹ́ńyà, Filipínì àti Táílàǹdì. Níbi tí nínà ti wọ́pọ̀, ìbátan tó wà láàárín nínà àti ìwà ipá tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ọmọ kò le tó ti ibòmíràn. Àmọ́ kò pòórá. Ìdajì àkọ́kọ́ ni mo máa ń gbọ́ nínú àpérò.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé èdè wa gan-an ti pín ohun tí a ní ó so pọ̀. Ẹ tẹ́tí sí ọ̀dọ́langba tó ń ròyìn ilé fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Wọ́n bá mi wí” yàtọ̀ sí “wọ́n nà mí”, ó yàtọ̀ sí “wọ́n jágbe mọ́ mi”, sí “wọ́n ń kanra mọ́ mi”, sí “wọ́n fi mí ṣẹ̀sín”. Òbí á ní òun bá a wí, ọmọ á ní wọ́n kanra mọ́ òun. Ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà. “Wọn ò kà mí sí” tún wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti nà án, tí ẹnikẹ́ni kò sì bú u. Ronald Rohner ya ààyè sọ́tọ̀ fún irú èyí nínú ìwé ìbéèrè rẹ̀: ọmọ tó gbà lọ́kàn pé wọn kò fẹ́ràn òun, tí kò sì lè nàka sí ohun kan pàtó. Rohner ní ìwé tó ń bi ọmọ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún wa ju Chao lọ. Síbẹ̀ a kò lè kàn túmọ̀ rẹ̀ lásán. Ó ń béèrè bóyá ìyá ń sọ ohun rere nípa ọmọ. Ìyá tó ki ọmọ ní oríkì nígbà tó kúnlẹ̀ láàárọ̀ lè má yìn ín níta láéláé; kí ni ọmọ náà yóò dáhùn?

Nínú ìwé ìbéèrè tí mo ń tò lọ́wọ́, mo ti yọ bá wí kúrò pátápátá, mo fi nà àti bá sọ̀rọ̀ sí ipò rẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kà sí ló ṣì ń fún mi níṣẹ́: « indifférence » ni wọ́n kọ sí apá Faransé, àmọ́ aládùúgbò pàápàá lè ṣe èyí sí ọmọ. Ẹni tí ó yẹ kó kà á sí ni ọmọ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.