Batman Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Olówó
Ìwé ìtàn aláwòrán Absolute Batman, tí Scott Snyder ń kọ, tí Nick Dragotta sì ń ya àwòrán rẹ̀ láti ọdún 2024, ti gbà mí lọ́kàn. Bruce Wayne tibí, ẹni tó ń di Batman, kò jogún owó kankan: ẹnjiníà ni, ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Alfred pàápàá kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, amí ni.

Ẹ wá wo ọwọ́ Dragotta! Èjìká Batman fẹ̀ bí ògiri. Àmì àdán àyà rẹ̀ ṣeé yọ, ó di àáké. Dragotta yóò gé ojú ìwé sí àpótí wẹ́wẹ́, ojú á máa sáré, àfi gbàà! àwòrán kan ṣoṣo ti gba gbogbo ojú ìwé. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwé náà pọ̀ jù fún mi, kí n má purọ́. Síbẹ̀, mo tún ń ṣí i wò.