Ọwọ́ Tó Ń Tún Agbégilódò Ṣe

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà igbó tó yí ìlú Àbígí ká lásìkò òjò á mọ ìyà tí agbégilódò ń jẹ nínú ẹrẹ̀. Mo kan sáárá sí àwọn mẹkáníìkì tó ń pààrọ̀ jíà dífẹ́rẹ́ńṣà rẹ̀. Wọ́n á ka eyín kí wọ́n tó rà: 41 sí 9 lágbára láti fa ẹrù ju 37 sí 9 lọ, àmọ́ kò lè sáré tó o. Wọ́n á rí i pé nọ́ńbà ara jíà méjèèjì, kíráùn àti píníọ́nì, bára mu. Wọ́n á kun eyín lọ́dà, wọ́n á yí i, wọ́n á wo ojú ibi tó ti ń fara kanra. Bó bá bọ́ sétí, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un tò. Sùúrù yìí ló ń mú awakọ̀ dé ilé láyọ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì yẹ ní yíyìn.