Àwòrán Kì í Kọ́lé: Àgbéyẹ̀wò Yíyan Ètò Kọ̀ǹpútà fún Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́ ní Adó-Èkìtì

Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàrin àwa olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti máa béèrè pé ètò kọ̀ǹpútà wo ló dára jù fún iṣẹ́ ilé kíkọ́. Àwọn kan a ní AutoCAD ni. Àwọn kan a ní Revit ti borí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti bá agbaṣẹ́ṣe ńlá ṣiṣẹ́ rí a ní kò sí èyí tó tó Microsoft Project tàbí Primavera. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè náà gan-an ló wọ́. Ẹni tó ń béèrè èyí tó dára jù láàrin AutoCAD àti Microsoft Project dà bí ẹni tó ń béèrè èyí tó dára jù láàrin okùn ìwọ̀n àti kàlẹ́ńdà. A ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ìsọ̀rí méjèèjì wà fún, a ó fi iṣẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, lẹ́yìn náà ni a ó wá sọ ohun tó kan àwa olùkọ́ níbẹ̀.

Ìsọ̀rí Méjì, Ìbéèrè Méjì

Ètò ìyàwòrán ń dáhùn ìbéèrè pé, "Kí ni a fẹ́ kọ́?" AutoCAD, tí ilé-iṣẹ́ Autodesk gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pátákó ìyàwòrán àti rúlà. Ìlà ni àwọn ayàwòrán-ilé sábà máa ń fi í fà. Bí a bá yí ìbú fèrèsé padà nínú àwòrán tó fi ilé hàn láti òkè, àwa fúnra wa ni a ó rántí yí i padà nínú àwòrán ojú ilé. Revit, tó jáde ní ọdún 2000 tí Autodesk sì rà ní ọdún 2002, yàtọ̀ sí èyí. Ó mọ ògiri sí ògiri, ó mọ fèrèsé sí fèrèsé. Bí a bá yí ọ̀kan padà níbì kan, yóò yí padà nínú gbogbo àwòrán, yóò sì ka iye fèrèsé tó wà nínú ilé náà fún wa.

Ètò ìṣàkóso iṣẹ́ ní tirẹ̀ ń dáhùn ìbéèrè pé, "Ta ni yóò ṣe kí ni, nígbà wo, iṣẹ́ wo ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú?" Microsoft Project kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1984. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Primavera bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, Oracle sì rà á ní ọdún 2008. Ọgbọ́n tó wà nínú àwọn méjèèjì ti wà ṣáájú wọn: láti nǹkan bí ọdún 1957 ni àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìṣirò okùn iṣẹ́ tó gùn jù, èyí tí ó ń pinnu ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ yóò parí.

Àpẹẹrẹ Kan

Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilé ìwé kan ní Ajílosùn fẹ́ kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta. Ìpìlẹ̀ yóò gba ọjọ́ 7, ògiri yóò gba ọjọ́ 12, òrùlé yóò gba ọjọ́ 6. Ọ̀kan kò lè bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó ṣáájú rẹ̀ tó parí, nítorí náà ọjọ́ 25 ni àròpọ̀ wọn. Fèrèsé irin, tí a kò ní fi sí ojú ògiri títí òrùlé yóò fi parí, yóò gba wẹ́dà ní ọjọ́ 15 nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí wẹ́dà bá sinmi fún ọjọ́ 10 kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí búlọ́ọ̀kù bá fi ọjọ́ 3 péré pẹ́, ilé náà di ti ọjọ́ 28, owó àwọn òṣìṣẹ́ sì ń gorí ara wọn. Bí àwòrán ilé náà ti wù kó dára tó, kò lè sọ èyí fún wa. Bẹ́ẹ̀ ni ètò ìṣàkóso kò lè sọ fún wa bóyá fèrèsé náà yóò wọ inú àyè tí bíríkìlà fi sílẹ̀ fún un.

Ètò ìṣàkóso náà ní àléébù tirẹ̀. Kàlẹ́ńdà tó bá Microsoft Project wá ka ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ ìsinmi, bẹ́ẹ̀ àwọn bíríkìlà wa ń ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà. Kò mọ ọdún Ùdírókò tí Adó ń ṣe nínú oṣù kẹjọ, kò sì mọ̀ pé òjò Èkìtì a máa rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ẹni tí kò bá tún kàlẹ́ńdà náà ṣe ń fi ọjọ́ ìlú mìíràn kọ́ ilé Adó. Ìmọ̀ olùlò ni ẹ̀rọ ń gbé sókè. Bí kò bá sí ìmọ̀, kò sí ohun tí yóò gbé.

Ohun tí Òfin Béèrè

Àkójọ Òfin Ilé Kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2006, kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àwòrán nìkan. Ó tún béèrè fún ètò àkókò iṣẹ́, ètò ìmójútó bí iṣẹ́ ṣe dára sí, àti ètò ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí, ní ìpínlẹ̀ Èkó, wó lulẹ̀. Ẹni tó lé ní 40 ló bá a lọ. A kò sọ pé ètò kọ̀ǹpútà ni ìbá gbà wọ́n. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ ọmọ yìí. Kọnkéré kì í gbọ́ràn sí ìkánjú agbaṣẹ́ṣe. Ọjọ́ 28 ni a sábà máa ń dúró kí a tó dán agbára rẹ̀ wò. Ẹni tó bá kọ ọjọ́ ìdúró àti ọjọ́ àyẹ̀wò sínú ètò iṣẹ́ ti sọ ọ́ di ojúṣe tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ fún orí ti fi í sílẹ̀ fún ìgbàgbé.

Ohun tó Kan Àwa Olùkọ́

Àwọn kan lè jiyàn pé ìpínyà yìí ti di ti àtijọ́, nítorí pé ètò bíi Navisworks lè so àwòrán Revit mọ́ ètò àkókò, kí a máa wo bí ilé ṣe ń dìde lójoojúmọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní àwòrán tó péye àti ètò àkókò tó péye kò ní ohun tí yóò so pọ̀.

Àṣìṣe tiwa ni pé a sọ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà di àkọ́sórí bọ́tìnì AutoCAD. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ya ilé alájà mẹ́ta kí ó má sì mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ra irin kí a tó pe kápẹ́ńtà. Àbá wa ni pé kí ó kọ́kọ́ fi ọwọ́ ya ilé kékeré kan, kí ó sì fi ọwọ́ ya àtẹ ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ sórí ìwé onígun mẹ́rin, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ìwé kò nílò iná mọ̀nàmọ́ná.

Lẹ́yìn náà, LibreCAD àti FreeCAD wà fún àwòrán, GanttProject àti ProjectLibre wà fún ètò iṣẹ́, láìgba kọ́bọ̀. Autodesk pẹ̀lú fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ láti lo ètò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹ̀kọ́. Kò sí àwíjàre mọ́ fún olùkọ́ tó ń fi àdàkọ olè kọ́ ọmọ níṣẹ́.

Ní ti ìwọ̀n, ilé oníyàrá mẹ́rin kò nílò ju àwòrán pẹrẹsẹ àti àtẹ ọjọ́ inú ìwé lọ. Ilé alájà tó ní oríṣiríṣi oníṣẹ́ yẹ fún Revit àti àtẹ orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó tó pápákọ̀ òfurufú Èkìtì, níbi tí ọkọ̀ òfurufú ti kọ́kọ́ balẹ̀ ní ọdún 2022, ni irú Primavera yẹ.

Àgbálọgbábọ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwòrán kò lè ṣe iṣẹ́ kàlẹ́ńdà, kàlẹ́ńdà kò sì lè ṣe iṣẹ́ àwòrán. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wa tó béèrè ètò tó dára jù, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ojú iṣẹ́ náà kò tíì mọ̀: ṣé ohun tí a fẹ́ kọ́ ni, tàbí ọjọ́ àti ètò tí a ó fi kọ́ ọ? Ìdáhùn sí èyí ni yóò yan ètò kọ̀ǹpútà fún un.